Clarrie Ti Géètì Náà

Ẹ̀yin ará Tarrabin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ife tíì yín kalẹ̀ díẹ̀, ẹ gbọ́ mi. Oṣù méje ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sínú, ó sì ti sú mi láti máa gbé e kiri. Ohun tí gbogbo yín gbọ́ nípa géètì oko Rowena Gebhardt, irọ́ ni. Wọ́n ní Clarrie Trewin ló gbàgbé láti tì í. Clarrie tì í. Èmi Lorelle Hentschke, tí ẹ máa ń ké sí tí fóònù yín bá kọ iṣẹ́, tí ẹ fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń yí bọ́ọ̀lù lórí koríko fún ọdún mẹ́sàn-án nítorí pé ẹ ní mo ṣeé fọkàn tán, èmi ni mo jẹ́ kí àwọn àgbò olórí dúdú wọnnì wọlé tọ àwọn abo àgùntàn Rowena. Èyí tó burú jù kọ́ nìyẹn. Èyí tó burú jù ń bọ̀ níwájú, mo sì mọ̀ pé tí mo bá fi máa dé ibẹ̀, àwọn kan nínú yín á ti gbé àga wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Rowena ní kí n kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa wọn àwọn àgùntàn òun. Àgùntàn á gba ọ̀nà tóóró wọlé, ẹ̀rọ á ka nọ́ńbà etí rẹ̀, á wọ̀n ọ́n, géètì á yí, abo á gba òsì, akọ á gba ọ̀tún, ẹ̀rọ á sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́rin nìyẹn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà mo pín in fún okùn iṣẹ́ mẹ́rin. Bí a ṣe ń pè é lẹ́nu iṣẹ́ wa nìyẹn. Ẹ ṣáà mú un bí òṣìṣẹ́ mẹ́rin nínú ẹ̀rọ kan, tí oníkálukú dojú kọ tirẹ̀, tí ọ̀gá kan sì wà lórí wọn. Tí iṣẹ́ bá parí, ọ̀gá kò gbọdọ̀ kàn pa iná kó máa lọ. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé ó tó. Ẹni tó ń kọ̀wé á parí ìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì á ju ìkọ́ irin sílẹ̀ kó dè é pa. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ohun tí wọ́n jọ ń lò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ á dá a padà. Ọ̀gá á wá dúró dè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹni ìkẹyìn á fi dé, kó tó ti ilé. Mo mọ gbogbo èyí. Ẹ má jẹ́ kí n tan yín pé n kò mọ̀ ọ́n.

Wàhálà wà lọ́dọ̀ okùn tó ń wọn àgùntàn. Bí mo ṣe kọ ọ́, ńṣe ló máa ń dúró jẹ́ẹ́ de àgùntàn tó kàn, kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni títí àgùntàn náà á fi gun ìwọ̀n. Tí àgùntàn bá wá tán ńkọ́? Á ṣì máa dúró. Ọ̀gá á máa dúró dè é, òun á máa dúró de àgùntàn, èmi á máa dúró de àwọn méjèèjì, Clarrie á sì máa dúró dè mí nídìí ọkọ̀. Clarrie yìí, tó ti ń ṣọ́ géètì oko yẹn láti ìgbà tí bàbá Rowena wà láyé, òun ló wá ọgbọ́n dá sí i. Ó mú abo àgùntàn arúgbó kan tí kò léyín mọ́, ó sọ ọ́ ní Ó-Tó-Fún-Tòní. Tí iṣẹ́ bá ti parí, á fà á gun ìwọ̀n. Okùn náà á rí àgùntàn tó ń retí, á wọ̀n ọ́n tán, á wá gbọ́ pé wọ́n ní kó máa lọ sílé, gbogbo wọn á sì kógbá sílé. Clarrie á ní, “Lorelle, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí o lọ yẹn, ṣé àgùntàn ni wọ́n fi ń pa kọ̀ǹpútà níbẹ̀?” Màá ní, “Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, màá tún un ṣe.” Ọ̀sẹ̀ kan yẹn di ọdún méjì. Kò sí àgùntàn kankan ní gbogbo agbègbè Wimmera wa yìí tí wọ́n tíì wọ̀n tó Ó-Tó-Fún-Tòní.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, àgùntàn náà kú sójú oorun. Clarrie sin ín sábẹ́ igi, ó sì bọ́ fìlà fún un. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré ló kù fún mi tí mo bá fẹ́ ṣe ohun tó tọ́. Kí okùn náà má dúró de àgùntàn ju bíi kéèyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ, kó yọjú wo àmì tí ọ̀gá gbé sókè bóyá iṣẹ́ ti parí, tí kò bá tíì parí, kó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn náà ló pin. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni mí, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Dípò iṣẹ́ ọjọ́ méjì, mo kọ ìlà mẹ́rin. Mo ya bọ́tìnnì pupa kan sójú kọ̀ǹpútà. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á pa okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú ẹsẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n bá iṣẹ́ dé. Ìwé tí mo fi kọ́ṣẹ́ kìlọ̀ pé kéèyàn má dán irú rẹ̀ wò. Mo rántí ojú ewé náà. Èmi fúnra mi ni mo fa ìlà sábẹ́ ìkìlọ̀ ọ̀hún nígbà tí mo ṣì ní làákàyè. Bọ́tìnnì náà ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ìṣòro, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ojo ni àwọn tó kọ ìwé náà.

Ọjọ́ Sátidé kan lóṣù kẹta ló ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ní ìdíje àṣekágbá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, èmi ni mo sì máa wa àwọn eléré mẹ́ta lọ. Láàárọ̀, Rowena ní kí a wọn àwọn abo rẹ̀ tó níyì jù, ogóje wọn, àwọn tí irun wọn rọ̀ bí òwú, nítorí pé àgbò pàtàkì kan ń bọ̀ láti New South Wales wá bá wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lindsay àbúrò ọkọ rẹ̀ náà kó àgbò mẹ́ta tirẹ̀ wá fún ìwọ̀n. Ẹ mọ àwọn àgbò Lindsay: ẹran jíjẹ ni wọ́n wà fún, orí wọn dúdú bí èédú, irun ara wọn sì máa ń re dànù fúnra rẹ̀ bí ẹni jẹ gbèsè tó ń sá fún olówó. Nígbà tí àgbò ìkẹyìn kọjá, Clarrie tẹ bọ́tìnnì tó ń pa géètì dé nísàlẹ̀, èmi wà lókè nídìí kọ̀ǹpútà. Géètì yí padà, ó padé. Ó wò ó dáadáa, ó na ọwọ́ sí mi. “Ó ti tì o,” ó wí. Lẹ́yìn tí géètì bá padé, okùn tó ń ṣọ́ ọ máa ń fẹ́ bí ìwọ̀n mímí mẹ́wàá kó tó ju ìkọ́ sílẹ̀. Mo wo aago. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa. Okùn náà kú pẹ̀lú ìkọ́ lókè. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wọ ọkọ̀, tí a lọ, tí àwọn ará ìlú kejì sì nà wá bí ẹni na bàrà.

Géètì tó padé tí kò ní ìkọ́, tí àgbò kan bá fara tì í báyìí, á ṣí. Wọ́n fara tì í. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi wà lọ́dọ̀ àwọn abo. Lédè Gẹ̀ẹ́sì tiwa níbí, “join,” ìyẹn dàpọ̀, ni ọ̀rọ̀ tí a ń lò tí ọ̀gá bá dúró de okùn rẹ̀ kó parí, òun náà ni ẹ̀yin àgbẹ̀ ń lò tí ẹ bá kó àgbò pọ̀ mọ́ abo. Èmi tó yẹ kí n ṣe é, n kò ṣe é. Àwọn àgbò Lindsay bá mi ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, Rowena pe Clarrie àti èmi sídìí géètì. Rowena kì í pariwo. Tí inú bá ń bí i, ńṣe ló máa ń bọ́ fìlà rẹ̀, á wá máa wo inú rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́ síbẹ̀. Ó wo inú fìlà pẹ́. Ó ní, “Clarrie, ta ló ti géètì yìí?” Clarrie ní, “Èmi ni.” “Ẹ rí i pé ó tì?” “Mo rí i, Rowena. Mo gbọ́ ìró rẹ̀.” Rowena yíjú sí mi. “Lorelle, kí ni ẹ̀rọ wí?” Mo gòkè lọ sínú yàrá kékeré tí kọ̀ǹpútà wà. Mo ṣí àkọsílẹ̀ ọjọ́ Sátidé. Ìlà tó kẹ́yìn kà báyìí pé: “Géètì ti padé, ìkọ́”. Ibẹ̀ ló dúró sí. Okùn náà kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí kí n tó kà á dé ìparí. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo Clarrie láti ojú fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ gbá géètì náà síwá sẹ́yìn, ó ń gbọ́ ìró rẹ̀. Ká ní mo sọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn tí mo sọ òótọ́, ìtìjú ìdajì wákàtí ni ì bá jẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀rọ ní kò sí àṣìṣe lọ́dọ̀ òun. Ó ní bóyá wọn ò tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ wọlé dáadáa.” Clarrie wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, “Ó lè jẹ́ pé ti ọjọ́ mìíràn ni mo ń rántí.” Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo padà lọ nu àkọsílẹ̀ náà rẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Clarrie ti ń ṣọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ó fi iṣẹ́ géètì sílẹ̀, ó ní ẹran kò yẹ lẹ́ni tí orí rẹ̀ ń jò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìwé pélébé mọ́ gbogbo nǹkan inú ilé: “Mo ti pa á” sára ìkòkò tíì, “Tìrẹ nìyí” sára búrọ́ọ̀ṣì eyín rẹ̀. Nola ìyàwó rẹ̀ jí lọ́jọ́ kan, ó bá ọ̀kan lórí ìrọ̀rí ara rẹ̀: “Nola. Ìyàwó mi. Fẹ́ràn ìrẹsì oníwàrà.” Nola ní, “Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mo ti ń sọ fún un pé mo fẹ́ràn ìrẹsì oníwàrà. Ìgbà tó rò pé òun ń gbàgbé ló tó rántí.” Wọ́n lọ rí dókítà. Dókítà ka ọ̀rọ̀ márùn-ún fún un pé kó fi sọ́kàn. Clarrie kà á padà, ó kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó sì tún sọ fún dókítà pé ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí náà ló kà fún àbúrò Nola lọ́dún tó kọjá, kó wá òmíràn. Dókítà ní orí rẹ̀ pé ju ti òun lọ. Ṣé Clarrie gbà? Ó ní, “Ọmọ dáadáa ni dókítà yẹn, àmọ́ kò rí géètì ọ̀hún.”

Èyí tó burú jù ló dé yìí. Lóṣù kẹfà, Clarrie kan ilẹ̀kùn mi. Ó mú ìgò jáàmù kan dání tí Nola sè. Ó jókòó sétí àga, ó ní, “Lorelle, ìwọ lo mọ nǹkan wọ̀nyí. Ṣé o lè bá mi ṣe nǹkan sínú fóònù mi, tí á máa rán mi létí kí n ti géètì ilé mi?” Mo wò ó. Ẹnu mi ṣí. Ohun tó sì jáde níbẹ̀ ni, “Ṣé wákàtí wákàtí ni ẹ fẹ́ ẹ àbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́?” Mo bá a ṣe é o. Ohùn ara mi ni mo gbà sínú rẹ̀. Ní wákàtí wákàtí, láti inú àpò ṣòkòtò ọkùnrin tí mo parọ́ mọ́, ohùn mi á jáde, á ní, “Clarrie, ṣé ẹ ti géètì?” Ó dún nílé ìfowópamọ́. Ó dún níbi ìsìnkú ìyá Lindsay, bí wọ́n ṣe ń gbé pósí sọ kalẹ̀. Clarrie dìde láàárín àwọn ènìyàn, ó ní, “Mo ti tì í, ẹ ṣeun,” ó jókòó. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Jáàmù náà ńkọ́? Mo jẹ ẹ́ tán, mo fi búrẹ́dì nu ìgò.

Lóṣù kẹjọ, àwọn ọmọ àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, orí dúdú lẹ́yìn orí dúdú, kò sí ọ̀kan tí irun rẹ̀ máa ṣeé tà. Rowena dúró sẹ́bàá ọgbà, fìlà lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin ará ilé ọtí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní, “Clarrie, ẹ kú oríire ọmọ o, wọ́n mà jọ yín.” Ẹ ní, “Clarrie, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn, àbí kí n pe Lorelle?” Ó bá yín rẹ́rìn-ín, mo rí i. Lọ́jọ́ kejì ó dá ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ padà fún ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kẹta ó fa ajá rẹ̀ Tuppence wá bá mi. Ó ní, “Mo lè gbàgbé láti bọ́ ọ. Ìwọ kì í gbàgbé nǹkan.” Ó fi okùn ọrùn ajá lé mi lọ́wọ́, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ajá náà kò jẹun fún ọjọ́ méjì. Mo sì tún dákẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo tún dákẹ́.

Aláǹtakùn ló là mí lẹ́nu. Mo ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń ṣọ́gbà, ọ̀kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa bù mí jẹ. Ọwọ́ wú, òógùn bò mí, àyà ń lù kì kì kì. Mo mọ̀ báyìí pé ẹni tó ń ti ọwọ́ rẹ̀ kú ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ aláìsàn lọ́jọ́ yẹn, mo ti rò ó pé ó parí. Mo di ọwọ́ obìnrin tó ń tọ́jú mi mú, Jasvinder ni wọ́n kọ sáyà aṣọ rẹ̀. Mo ní, “Mo pa wọ́n.” Ó ní, “Àwọn ta ni?” Mo ní, “Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. N ò tiẹ̀ dúró kí wọ́n parí.” Ó rọra béèrè pé, “Níbo lẹ sin wọ́n sí?” Mo ní, “A kì í sin wọ́n. Wọ́n kàn máa ń pòórá ni. Ọ̀kan sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì kó tó kú.” “Ìgbà wo nìyẹn?” “Gbogbo ọjọ́ ìwọ̀n ni, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹlòmíràn ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi.” Jasvinder yọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó kan ògiri awakọ̀, ó ní, “Tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀, kí o sì bá mi pe Dimech ní àgọ́ ọlọ́pàá.”

Bí wọ́n ṣe gbé mi sọ̀ nílé ìwòsàn, Sájẹ́ǹtì Dimech ti dúró pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ṣàlàyé fún un ohun tí okùn iṣẹ́ jẹ́, nígbà tí mo sì máa fi parí, ó ti pa ìwé náà dé. Ó ní, “Ṣé pé orí Clarrie kò jò?” Mo ní, “Kò jò.” Ó ní, “Èmi ni mo gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Lorelle. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.” Ó fi bírò rẹ̀ sápò, ó ní, “Kò sí òfin kan tí mo mọ̀ tí mo lè fi mú ọ, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n òun àti Nola ń bọ̀ wá wò ọ́ lọ́la. Tí ó bá fi kúrò níbí láìgbọ́, èmi á sọ fún un.”

Wọ́n dé. Nola tún gbé jáàmù wá. Mo ní kó gbé e padà sínú àpò, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí bọ́tìnnì pupa dé orí àkọsílẹ̀ tí mo nù rẹ́. N kò wo ojú wọn. Nígbà tí mo parí, Clarrie ní, “Ṣé pé mo tì í.” Mo ní, “Ẹ tì í.” “Mo gbọ́ ìró rẹ̀.” “Ẹ gbọ́ ìró rẹ̀.” “Tún un sọ.” Mo tún un sọ. Àpò rẹ̀ dún níbi tó jókòó sí, ohùn mi jáde, ó ní, “Clarrie, ṣé ẹ ti géètì?” Nola bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, kò sì mọ èyí tó yẹ kó ṣe nínú méjèèjì. Clarrie yọ fóònù, ó pa á, ó tẹjú mọ́ mi títí tí mo fi fẹ́ kí aláǹtakùn náà tún padà wá. Ó ní, “Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń kọ orúkọ ìyàwó mi sílẹ̀ kó má baà bọ́ lọ́wọ́ mi.” Ó dìde. “Ajá mi dà?”

Ohun mẹ́ta ló ní kí n ṣe. Ó ní kí n lọ bá Rowena, mo lọ. Rowena bọ́ fìlà, ó wo inú rẹ̀, ó ní, “Ọdún kan, Lorelle. Ọdún kan gbáko nínú iṣẹ́ bàbá mi,” kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn. Èkejì, Clarrie ní kí n tún ètò náà ṣe níṣojú òun. Ó gbé àpótí jókòó tì mí fún ọjọ́ méjì, ó ní kí n ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan. Bọ́tìnnì pupa ti lọ. Ní báyìí, ọ̀gá máa ń gbé àmì sókè, okùn kọ̀ọ̀kan á rí i, á parí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á ju ìkọ́ sílẹ̀, á dá kọ́kọ́rọ́ padà, ọ̀gá á sì dúró dè wọ́n títí ẹni kẹrin á fi dé. Tí ọ̀kan bá pẹ́ jù, ọ̀gá kò ní pa á, á pariwo kí ènìyàn wá wò ó. Ogójì ìgbà ni Clarrie ní kí n ti géètì náà kí n sì ṣí i, ogójì ìgbà náà ló sọ̀ kalẹ̀ lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ìkọ́ náà. Ẹ̀kẹta ni pé kí n dúró níwájú yín lónìí, níbi oúnjẹ ọ̀sán àwọn arẹ́run-àgùntàn, kí n sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe, mo rí ẹ̀yin mẹ́ta lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ sọ fún un pé ó tó, ẹ dúró dè é. Tí ẹ bá wá ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá bi yín, torí pé kò sí ọjọ́ mìíràn tó máa rọrùn tó o. Ẹ̀yin yòókù, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí, tí ẹ kò bá sì lè ṣe é lónìí, ẹ kúkú tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Clarrie fún ohun tí ẹ sọ nílé ọtí. Òun ló jókòó nítòsí ìkòkò tíì yẹn, pẹ̀lú ajá rẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́ta. Kò tíì dárí jì mí. Ó ní ọjọ́ tí òun bá dárí jì mí, òun á wá sọ fún mi, àti pé kí n má ṣe bẹ̀rù rárá pé òun á gbàgbé.